Ìwé tí mo gbádùn jù lọ́dún yìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀

Ìyá Fótókọ́pì, Kábà

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìmúra ọdún.

Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ ṣáà ti ní kí kálukú mú ìwé kan ṣoṣo wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ní Sátidé, èyí tó gbádùn jù lọ́dún yìí, kó sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ àti ìdí tó fi mú un. Orúkọ yẹn gan-an ni wàhálà mi.

Ní oṣù kìíní, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà pé ìwé 24 ni mo máa kà kí ọdún tó parí, méjì méjì lóṣù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ àná. 17 ni mo kọ pé mo kà tán. Nínú 17 yẹn, mẹ́ta péré ni mo lè sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ mi kó má sùn lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún Igbó Olódùmarè ti Fágúnwà kà. Nígbà tí a kọ́kọ́ kà á nílé ìwé, pàṣán ni mo rántí jù. Lọ́tẹ̀ yìí, níbi tí Olówó-ayé àti Èṣù-kékeré-òde ti ń fọ́nnu síra wọn kí wọ́n tó gbá ara wọn mú, mo rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ka Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ó gbé mi padà sábẹ́ igi káṣú bàbá wa. Mo ka Ó Le Kú tirẹ̀ náà ní òru méjì, mo sì bínú sí Àjàní ní òru méjèèjì. Àṣàkẹ́ ni, Lọlá ni, Ṣadé ni! Mo ti wo fíìmù rẹ̀ tipẹ́, mo rò pé mo ti bínú tán nígbà yẹn.

Àwọn 14 tó kù, kí n má purọ́ fún yín, torí kí iye lè pé ni mo ṣe kà wọ́n. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kọ "ó dára gan-an" sí níwájú, mo tún fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rántí ẹyọ ènìyàn kan nínú rẹ̀ mọ́.

Èyí tó wá ń jà mí lọ́kàn kò sí nínú 17.

Ní oṣù kẹjọ, ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èèpo rẹ̀ ti ya lọ, níwájú lẹ́yìn. Ó ní kí n bá òun ṣe é láti ojú ewé 41 dé 96. Tónà mi ti ń parí lọ lọ́jọ́ náà, èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe jáde ní bàìbàì. Mo yọ tónà, mo mì ín, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọmọ náà sanwó, ó gbé tirẹ̀ lọ, mi ò sì rí i mọ́ títí di òní. Àwọn tó bàjẹ́, mo dà wọ́n sínú páálí abẹ́ káńtà, níbi tí mo ti ń mú pépà tí mo fi ń ṣírò owó.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú iná lọ, epo ò sì sí nínú jẹn. Mo fa ewé kan yọ nínú páálí yẹn kí n fi nu gíláàsì ẹ̀rọ. Ojú mi bọ́ sórí ìlà kan. Gíláàsì yẹn wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lápàdé ló wà níbẹ̀. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó wá ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn kọ́ ló mú mi, ẹnu wọn ni. Àwa tí a fi èdè Owé tiwa ní Kábà dàgbà, Yorùbá inú ìwé máa ń dà bíi yunifọ́ọ̀mù lára wa: ó mọ́, ó gún, ṣùgbọ́n kò séèyàn tó ń wọ̀ ọ́ sùn. Tibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn ni wọ́n ń pòwe, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá oníbàárà lóhùn bíi Lápàdé. Ọkọ mi ní kí n ṣọ́ra.

Mo ti ka àwọn ewé wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. 63 àti 64 kò sí. Ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni mo fà á yọ lọ́jọ́ náà. 96 sì parí sórí ọ̀rọ̀ kan: "ṣùgbọ́n". Ṣùgbọ́n kí ni? Láti oṣù kẹjọ! Wọn ò kọ orúkọ ìwé sókè ojú ewé, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Mo tẹ Lápàdé sí Google, àwọn olóṣèlú àti oníṣòwò ló kó wá bá mi.

Ẹ gbà mí. Ṣé mo lè dìde ní Sátidé kí n ní ìwé tí mi ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí mi ò mọ òpin rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù? Ṣé kí n fi ṣe ìkejìdínlógún, àbí ìdajì ni kí n kọ? Tàbí kí n kúkú mú Igbó Olódùmarè tí ẹnikẹ́ni ò ní bá mi jiyàn lé lórí, kí n jókòó jẹ́ẹ́? Bí ẹnì kan bá sì mọ ìwé náà, kó ṣàánú mi.

Ọmọ Ìsánlú

Àǹtí! Lápàdé ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mà nìyẹn. Àjà Ló Lẹrù ni, mo rí i lọ́wọ́ bàbá mi. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Tísà Mọ̀pà

Ọmọ Ìsánlú, fara balẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ lo ti rí i, o kò kà á. Ìwé méjì ni Lápàdé wà. Àjà Ló Lẹrù jáde lọ́dún 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e lọ́dún 1971. Ó ń lé ọ̀daràn nínú méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì mú nínú méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyá Fótókọ́pì, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tiwa níbí máa ń sá fún un, wọ́n ní èdè àwọn ará Ọ̀yọ́ ni, kì í ṣe tàwọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ka ojú ewé méjì nínú Òkédìjí sókè, tí mo bá dé ibi tó dùn, mo máa pa ìwé dé. Wọ́n á pariwo, wọ́n á gbá tábìlì. Lọ́dún 1988 ọmọkùnrin kan jí ìwé náà lórí tábìlì mi. Mo mọ ẹni náà, mi ò wá a lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìwé náà padà síbi tó wà, ó ti fi pépà símẹ́ǹtì bò ó fún mi, igun rẹ̀ gún régé. Òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́sí tí ẹsẹ̀ mi wú.

O wá ń bi mí bóyá ẹni tó ka àárín ìwé ti kàwé. Ẹni tó bá wọn nídìí ẹmu nígbà tí akèrègbè ti dé ìdajì, ṣé kò mu ẹmu ni? Mú un wá. Àwọn 14 yẹn ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Ta ló rán ọ?

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Tísà, ẹ rọra fún un, gbogbo wa la ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n, lọ́dún tó kọjá 30 ni mo pè. Mo dé 30, àmọ́ láti oṣù kẹsàn-án ìwé tínínrín ni mo ń wá kiri bí ẹni ń wá ṣẹ́ńjì. Lọ́dún yìí mo ń kọ ìlà kan ṣoṣo fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tó dà bíi pé ó ṣojú mi. Èyí tí mi ò bá rí ìlà kan kọ fún, mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ni mo ní. Ẹ bi mí ní èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ dán an wò ní oṣù kìíní, ẹ jẹ́ kí iye fọwọ́ wọ́nú ná.

Ọmọ Bùnú

Tèmi burú ju tiyín lọ, torí orí kan péré ni mo kà nínú ìwé tí mo fẹ́ mú wá. Cloth That Does Not Die ni. Elisha Renne ló kọ ọ́, ó jáde lọ́dún 1995, lórí aṣọ lọ́dọ̀ wa ní Bùnú. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà ni mo kà. Ìyá ìyá mi hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀. Igi òfì rẹ̀ ṣì dúró ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ la ń so mọ́ ọn. Mo ka ibẹ̀ tán, mo dìde, mo lọ tú ewúrẹ́ náà. Mi ò tíì lè ka ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja

Ẹ jẹ́ kí n ta omi sí i díẹ̀. 41 dé 96, ojú ewé 56 nìyẹn. Kí ló kù nínú ìwé náà? Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé wà, ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ tiẹ̀ gbé òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ń sunkún pé àwọn atẹ̀wé ò náání ìwé Yorùbá mọ́, àwa náà la sì ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ káńtà. Òkédìjí ti lọ, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń wò wá. Àbúrò, bí o bá fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí, rà á.

Ìyá Fótókọ́pì, Kábà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́, ó dùn mí létí ṣùgbọ́n ẹ ò purọ́. Ìwé ìdánwò àti ìwé àdúrà ló kún àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé tí mo mọ̀ níbí. Mi ò fi ṣe àwáwí. Ẹ sọ ibi tí mo ti máa rí i, owó wà nílẹ̀.

Bàbá Kékeré, Ìyàrá

Ẹ dúró ná. Ṣé gbogbo ohun tí a bá gbé wá lẹ máa ń kà? Mo ṣe fótókọ́pì wíìlì bàbá wa lọ́dọ̀ yín lóṣù kẹfà o!

Ìyá Fótókọ́pì, Kábà

Tónà ò bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Mo ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń bọ̀, ọ̀nà Ọ̀mùò ni mo máa gbà wọlé. Àǹtí, bí ẹ bá ní ẹni tó lè bá yín rà á, kó gbé e fún mi ní páàkì. Mi ò ní gba owó wéébíìlì. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ sílẹ̀: tí mo bá ń dúró de èrò, mo máa ṣí i wò.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Kí wọ́n má lọ ra èyí tí kì í ṣe òun. Àgbàlagbà Akàn wà nílé mi. Mo ti wò ó báyìí. 96 tèmi kò parí sórí "ṣùgbọ́n". Mo tún wo ojú ewé mẹ́wàá síwájú, mẹ́wàá sẹ́yìn, torí ìtẹ̀jáde lè yàtọ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ewé 41 ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú

Mo ti rí fọ́tò yín. Ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi, tónà yẹn mà burú o. Mo wá ìlà àkọ́kọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin, kò sí níbẹ̀. Àìsùn iṣẹ́ alẹ́ ló bá mi, ibi tí mo ti ń wá a ni mo ti ka gbogbo ìwé náà tán láìmọ̀. Ó ti di mẹ́fà tí mo kà lọ́dún yìí, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ọmọ Ìsánlú

Mo ṣáà ti sọ ọ́. Àjà Ló Lẹrù.

Tísà Mọ̀pà

O sọ ọ́. O kò mọ̀ ọ́.

Ìyá Fótókọ́pì, Kábà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti dé! Àbúrò mi rà á ní Ìbàdàn, awakọ̀ wa gbé e dé ọwọ́ mi lọ́sàn-án yìí, ó ti ṣẹ́ etí ojú ewé 30, ó ní tí mo bá kà á tán kí n dá a padà fóun. Ìwé gidi, ó ní èèpo. Mo lọ tààrà sí 96. "Ṣùgbọ́n" jókòó sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò mí. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo pa á dé. Bàbá Tísà, ìbéèrè tó kù mí kù nìyí, ẹ má bínú: ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní bí ọmọ gidi, àbí kí n ṣí 97?

Tísà Mọ̀pà

63 àti 64 tí ẹ̀rọ jẹ ńkọ́?