Níbo ni kí n kó ewúrẹ́ àti adìyẹ mi sí kí omi odò Ògùn tó dé?

Ìyá Ẹléwúrẹ́, Ajégúnlẹ̀-Ìkòròdú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìtòsí odò Ògùn ni ilé mi wà. Ewúrẹ́ mẹ́fà ni mò ń sìn, méjì nínú wọn ló lóyún, mo sì ní adìyẹ ìbílẹ̀ bí ogún, ajá kan àti ológbò kan. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́ títí oṣù kẹwàá yóò fi parí, nítorí pé yàtọ̀ sí òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti dámù Ọ̀yán lọ́nà Abẹ́òkúta a máa ya wá bá wa. Àwa tí a wà níbí lọ́dún 2010 kò lè gbàgbé ohun tí ojú wa rí. Lọ́dún tó kọjá, òru ni omi wọlé. Kí n tó gbé iná jáde, abo ewúrẹ́ kan tí mo so mọ́ òpó ti kú sómi, okùn náà sì ṣì le gbagidi lọ́rùn rẹ̀. Ṣé kí n kan pẹpẹ gíga sínú àgbàlá ni, tàbí kí n tètè kó wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìmọ̀tà?

Ẹlẹ́ran Májídùn

Ìyá wa, ẹ kú àdánù ewúrẹ́ yẹn. Ẹ kó àwọn ewúrẹ́ lọ sí Ìmọ̀tà, kí ẹ sì kan pẹpẹ fún adìyẹ nìkan. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé omi tiwa kì í fà lọ́jọ́ kan: nígbà tí ọ̀sà bá kún, omi odò kì í tètè rí ibi gbà jáde, ewúrẹ́ tó bá sì wà lórí pẹpẹ fún ọjọ́ mélòó kan yóò nílò ẹni tí yóò máa wọ́ omi gbé eèpo gbágùúdá àti omi mímu lọ bá a. Èmi fi ọ̀dà sàmì sí ara ògiri tó kọjú sí odò. Bí omi bá ti kan búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, mo ti ń pe onímọ́tò nìyẹn, nítorí pé owó tí wọn yóò gbà nígbà tí omi bá ti bo títì yàtọ̀ pátápátá. Àwọn aboyún ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹ má ṣe di wọn lẹ́sẹ̀ tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú wọn.

Ní ti okùn, ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù. Ní àsìkò òjò, ẹ má ṣe so ẹran mọ́lẹ̀ sùn. Ẹ tì wọ́n mọ́ inú ọgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí. Bí ó bá di dandan kí ẹ so wọ́n lọ́sàn-án, ẹ ta okùn náà ní kókó tí yóò tú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá fa ìdí rẹ̀. Ewúrẹ́ tí a kò so lè wá ibi gíga fúnra rẹ̀.

Oníṣègùn ẹran, Ìkòròdú

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé lẹ́yìn tí omi bá fà tán ni ẹran púpọ̀ máa ń kú. Oúnjẹ tí omi ti kàn a máa bu, oró inú oúnjẹ bíbu sì ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́, nítorí náà ẹ dà á nù, bí owó tí ẹ fi rà á tilẹ̀ ń dùn yín. Ẹ kó gbogbo ìyẹ̀fun pákó tútù kúrò nílẹ̀ ilé adìyẹ, torí pé inú ọ̀rinrin ni àrùn tó ń mú òròmọdìyẹ yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Ẹ yẹ àárín pátákò ewúrẹ́ wò lójoojúmọ́, kí ẹ sì pe oníṣègùn bí ọ̀kan bá ń tiro. Ẹran tó bá kú sínú omi, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì sin ín jìn, níbi tó jìnnà sí kànga. Ìsinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ ló yẹ kí ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ewúrẹ́ àti adìyẹ.

Alájá Ìgbógbó

Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ má gbàgbé ajá yín. Ìtọ̀ eku a máa wà nínú ìkún omi, àrùn tó ń tibẹ̀ mú ajá sì lè ran ènìyàn, nítorí náà ẹ máa gbé omi tó mọ́ sílẹ̀ fún un kí òùngbẹ má bàa gbé e débi ìkún omi. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún òun àti ológbò kí ẹ tó kó wọn lọ sílé onílé. Agbọ̀n tó ní ìdérí ni kí ẹ fi gbé ológbò, torí ẹ̀rù omi lè mú kó ya yín lọ́wọ́.

Ìyá Ẹléwúrẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa yóò máa ṣọ́ ohun ọ̀sìn yín. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ó ní àyè wà lẹ́yìn ilé ìdáná òun. Àwọn aboyún méjèèjì yóò lọ ní Sátidé yìí, káfíńtà yóò sì wá kan pẹpẹ adìyẹ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti tú gbogbo okùn tó wà lára òpó.