Ìwé olókìkí tí ẹ kà láìpẹ́: kí ni èrò yín gan-an?

Òǹkàwé Yábàá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù wa dárúkọ ìwé kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, kí ó sọ bí ó ti rí lára rẹ̀ láìfi bò, nítorí ó ti sú mi kí a máa yin ìwé kìkì nítorí pé wọ́n yìn ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí My Sister, the Serial Killer ti Oyinkan Braithwaite, tí ó jáde ní 2018. Nọ́ọ̀sì ni Korede. Ayoola àbúrò rẹ̀ ni ó ń pa àwọn ọkùnrin tí ó ń fẹ́, ẹ̀gbọ́n ni ó sì ń nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Àwọn orí rẹ̀ kúrú, ó yá kà nínú ọkọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, títí mo fi parí rẹ̀, n kò mọ ohun tí Ayoola ń rò. Ẹnu Korede nìkan ni a ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, Korede sì ń jowú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ṣé orí afárá Third Mainland ni wọ́n ti ju òkú sínú ọ̀sà lóòótọ́? Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹni tí ó bá rí àyè dúró níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn fọn fèrè mọ́tò sí i, kí ó jọ̀wọ́ fi ibi náà hàn mí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Ìdí-Àràbà:
Òru ni wọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí èmi kò gbà gbọ́ ni pé nọ́ọ̀sì kan ń ráyè jókòó ti aláìsàn tí kò mọ ibi tí ó wà, kí ó máa tú gbogbo àṣírí rẹ̀ sí i létí. Ta ni ó ráyè bẹ́ẹ̀ nínú wa? Ṣùgbọ́n ibi tí LASTMA, àwọn tí ń darí ọkọ̀ ní Èkó, ti dá ọkọ̀ Korede dúró, òtítọ́ pọ́ńbélé ni.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:
Ìwé tí ó wọ̀ mí lára ni The Secret Lives of Baba Segi's Wives tí Lọlá Shónẹ́yìn kọ. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ọdún yìí ni àbúrò ọkọ mi yá mi ní tirẹ̀, tí ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má kà á lójú ìyá àwọn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìdí. Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin, tí ó ka yunifásítì, ni gbogbo ilé ń fọwọ́ tọ́ka sí pé kò bímọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ tí dókítà ní kí ọkọ náà wá ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ ni àṣírí tú pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé yẹn tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ní ìgbà tí èmi náà ń wojú Olúwa, kò sí ẹni tí ó bi ọkọ mi ní ohunkóhun. Èmi ni wọ́n ń po àgbo fún, èmi ni wọ́n ń mú lọ sórí òkè láti gbààwẹ̀. Nígbà tí dókítà kan ní ilé ìwòsàn aládàáni ní kí ọkọ mi náà wá ṣe àyẹ̀wò, ìyá rẹ̀ gbé gèlè rẹ̀, ó sì bínú jáde. Ẹ má ṣe rò pé àyẹ̀wò náà rí nǹkan kan lára rẹ̀ o. Tirẹ̀ dára, tèmi náà dára. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá fi wò mí lọ́jọ́ náà ni mo tún ń rí lójú Ìyá Ṣẹ́gi, ìyálé wọn, ní gbogbo ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa Bọ́láńlé. Àléébù tí mo rí sí ìwé náà ni pé òǹkọ̀wé kò fún Bàbá Ṣẹ́gi ní ju ikùn, ariwo àti èébì lọ títí ó fi kù díẹ̀ kí ìtàn parí, ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ènìyàn ni ọkùnrin náà.

Aránṣọ Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun o, Ìyá Ìbejì. Ìwé náà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí mo ti ń kọ èyí, n kò sì tíì dé ìdajì rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:
Ìwé tí ó ti jáde láti 2010, tí wọ́n ti fi ṣeré lórí ìtàgé? Ẹ̀yin ni ẹ pẹ́ dé.

Olùkọ́ Àgbà, Mushin:
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Ìyá Ìbejì. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti wà láti 1938. Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ni ó ń ro ìtàn náà fún ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni a ti mọ̀ pé ọdẹ náà kò kú sínú igbó. Ǹjẹ́ èyí dí wa lọ́wọ́ láti máa fòyà fún un nígbà tí iwin bá dojú kọ ọ́? Ìtàn tí ó bá jẹ́ pé àṣírí kan ṣoṣo ni ó gbé e ró, a kì í kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Aránṣọ Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ jọ̀wọ́, sà, Fágúnwà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ tirẹ̀ fún wa. Ìyá Ìbejì kọ́ ni ó kọ Baba Segi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Aránṣọ jàre.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Ìdí-Àràbà:
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì kan iṣẹ́ mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2023 pé bí ènìyàn kan nínú mẹ́fà ni ìṣòro àìrọ́mọbí máa ń bá fínra nígbà kan ní ayé rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ọkùnrin bí ó ti lè jẹ́ ti obìnrin. Síbẹ̀, obìnrin ni yóò kọ́kọ́ wọlé wá bá wa. Ọkọ yóò jókòó sínú mọ́tò níta, yóò máa tẹ fóònù. Ẹ tún wá Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kà, tí ó jáde ní 2017. Iléṣà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Yéjídé ń wá ọmọ, àwọn ẹbí ọkọ mú ìyàwó kejì wọlé tọ̀ ọ́, ìdààmú sì gbé e dórí òkè kan níbi tí wọ́n ti ní kí ó fún ewúrẹ́ lọ́mú. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oyún tí kò sí kiri, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i lọ́kàn padà. Mo ti rí irú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wá dé, àìsàn fòníkúfọ̀ladìde tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ rántí pé bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS; bí àkọ́bí bá bọ́, kò dá àbúrò rẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé náà yóò mọ ìdí tí ìbéèrè nípa irú ẹ̀jẹ̀ bàbá fi le ju bí ó ti yẹ lọ nínú ilé yẹn. Èmi kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí Aránṣọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ibi tí mo ti pa ìwé yẹn dé nìyí: obìnrin tí ó lọ sí yunifásítì ní Ifẹ̀, tí ó ní ilé ìṣerun tirẹ̀, tí gbogbo obìnrin ìlú ń wá jókòó sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé akúra ni ọkọ òun? Ẹ má tàn mí.

Aránṣọ Èbúté Mẹ́ta:
Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn lóru kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:
Ta ni ì bá sọ fún un? Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú, àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ kò fẹ́ rí i sójú, kò sì mọ ọkùnrin kan ṣáájú Akin ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin rò pé bí a bá ti jókòó nílé ìṣerun, a ti tú ìhòòhò ara wa wò. A máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ ẹlòmíràn níbẹ̀, kì í ṣe tiwa.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Ìdí-Àràbà:
Mo ti rí obìnrin tí ó ti pẹ́ nílé ọkọ, tí ó sì jẹ́ wúńdíá síbẹ̀. Ó ka ìwé jù mí lọ. Ohun tí ojú ń tì í láti béèrè ni kò béèrè.

Olùkọ́ Àgbà, Mushin:
Mo kórìíra Akin títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, nítorí pé òun àti Yéjídé ni wọ́n jọ ń ro ìtàn náà. N kò dárí jì í, ṣùgbọ́n mo mọ bí irọ́ kékeré ṣe ń bí ńlá nínú ilé tí gbogbo ẹbí ti ń ka oṣù. Ohun tí Òǹkàwé Yábàá ń wá lọ́dọ̀ Ayoola nìyẹn, tí kò rí.

Òǹkàwé Yábàá:
Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn, sà.

Ìyàwó Ilé, Gbàgádà:
Tèmi ni The Girl with the Louding Voice ti Abi Daré, ti ọdún 2020. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Adùnní nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í fún Morufu gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kẹta nítorí owó ilé; lẹ́yìn náà ni ó di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ ìkà kan ní Èkó, síbẹ̀ tí ilé ìwé nìkan ni ó ń lá àlá rẹ̀. Mo sunkún. Lẹ́yìn tí mo nu ojú mi tán, mo pe ọmọ tí ń ràn mí lọ́wọ́ nílé, mo bi í bóyá ó wù ú láti padà sí ilé ìwé. Ó ní rárá, irun dídì ni ó wu òun láti kọ́, àti pé òun ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́. Ìwé náà kò múra mi sílẹ̀ fún ìdáhùn yẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọmọ ọdún mélòó ni?

Ìyàwó Ilé, Gbàgádà:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè, mà.

Olùkọ́ Àgbà, Mushin:
Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007. Mo kàn dá a sọ ni.

Òǹkàwé Yábàá:
Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé, ẹ jọ̀wọ́. Ohun tí ó dí mi lọ́wọ́ nínú ti Adùnní ni èdè rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, Yorùbá ni ó ń sọ nílé. Kí ni ó wá dé tí inú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún fi ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò gún? Lédè ìyá rẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ì bá jẹ́.

Ìyàwó Ilé, Gbàgádà:
Mo rò bẹ́ẹ̀ ní ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà n kò rántí mọ́. Ohùn náà wọ̀ mí létí.

Olùkọ́ Àgbà, Mushin:
Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, àríyànjiyàn yìí kò ní sí. Oládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kò sì sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí a dárúkọ lónìí tí ó yá kà jù ú lọ.

Aránṣọ Èbúté Mẹ́ta:
Níbo ni a ti fẹ́ rí i rà, sà? Mo wá a dé Ojúẹlẹ́gbà láàárín àwọn tí ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀. Ìwé ìdánwò àti ìwé bí a ṣe ń di olówó ni wọ́n ń nà sí mi.

Olùkọ́ Àgbà, Mushin:
Ẹ wá gba tèmi ní Mushin. Ẹ ó dá a padà o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ má ṣe sọ ẹni tí ó jẹ̀bi fún un kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Aránṣọ Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti parí Baba Segi. Inú ń bí mi sí gbogbo yín. Ẹ sọ àṣírí àwọn ọmọ fún mi, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó kìlọ̀ fún mi pé oúnjẹ tí wọ́n fi májèlé sí nítorí Bọ́láńlé, Ṣẹ́gi ni yóò jẹ ẹ́ tí yóò sì kú. Iwájú oníbàárà ni mo ti ń sunkún, ó sì rò pé mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ òun.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:
Ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́ fún àwọn tí kò tíì kà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Èmi náà kò tíì kà á.