Graphene àti ọ̀rinrin ọ̀sà: ohun tí ojú ń rí nídìí ẹ̀

Ará Àjàṣẹ́
Graphene ni awẹ́ kábọ́nù tó fẹ́lẹ́ bí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, tí à ń fi scotch (téèpù tó ń lẹ̀) bó lára graphite, ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù. Bó bá bàjẹ́, ẹ má dá scotch lẹ́bi: láti Àjàṣẹ́ dé Dangbo, ọ̀rinrin ló ń ba graphene jẹ́. Ẹ fi acetone fọ awẹ́ sílíkọ̀n tí oxide (ìpele sílíkọ̀n àti ọ́síjìn) orí rẹ̀ nípọn tó 300 nm (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ẹ fi isopropanol ṣàn án, ẹ fẹ́ nitrogen sí i kó gbẹ. Scotch tó bó graphite, ẹ pa á pọ̀ kẹ́ ẹ sì ṣí i bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tó bá pọ̀ jù, yóò rún wẹ́wẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sílíkọ̀n, ẹ gbé e sórí irin gbígbóná 100°C fún ìṣẹ́jú 2, kí ooru lé omi àti afẹ́fẹ́ tó há sáàárín jáde. Ó gbọ́dọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó rọra ṣí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù á kù síbẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló rọrùn jù.

Ọmọ Kétu
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọyẹ́ nìkan ò tó o. Omi tó kù lábẹ́ graphene ń jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ (hóró tíntìntín tó ń gbé kùrán) dín. Fólítì 1 tí ẹ bá fi sẹ́yìn sílíkọ̀n ń kó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi 7 × 10¹⁰ wọlé sórí 1 cm². Graphene tó mọ́ máa ń di kùrán lọ́nà jù ní 0 V. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ní +30 V ni tiyín ti ń di kùrán lọ́nà jù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi 2 × 10¹² ti lọ nìyẹn. Bí ìlà kùrán nígbà tí fólítì ń lọ sókè àti nígbà tó ń padà bọ̀ ò bá bára mu, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yan án ní 200°C níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì fi hBN (boron nitride, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná kì í gbà kọjá) bò ó. Bí iná mànàmáná bá lọ lójijì, ẹ tètè dí ẹnu páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ibi gbígbóná.

Ọmọ Ṣábẹ
Ti spin (ohun tó ń mú kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dà bí mágnẹ́ẹ̀tì kékeré) tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí cobalt (irin mágnẹ́ẹ̀tì tó ń fi spin ránṣẹ́) bá kan graphene ní tààrà, spin á padà sínú cobalt, torí ọ̀nà ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ẹ fi MgO (oxide magnesium) tàbí Al₂O₃ (oxide aluminium) tó nípọn bíi 1 nm sáàárín. MgO burú ní tiẹ̀: kì í tẹ́ lórí graphene, ńṣe ló ń ṣù jọ, tí ihò á fi wà láàárín. Titanium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló ń mú un tẹ́. Al₂O₃ ni wọ́n lò ní yunifásítì Groningen ní Netherlands lọ́dún 2007, spin sì rìn ju 1 µm (1,000 nm) lọ láìsí pé wọ́n mú un tutù. Kẹ́ ẹ tó yọ̀, ẹ gbé agbára mágnẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán sí graphene: àmì spin gidi á dín kù, á yí sódì, á sì parẹ́. Bí kò bá mì, kì í ṣe spin.