Àfikún ìkẹyìn: ẹjọ́ ìdálóró lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Mo béèrè tẹ́lẹ̀ pé ṣé ẹni tí ọlọ́pàá dá lóró ní àtìmọ́lé ní Nàìjíríà ṣì lè pẹjọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó lè pè é. Ìlànà ọdún 2009 lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò fi gbèdéke sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀, ọgbẹ́ ń jinná! Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá jáde ní àtìmọ́lé gan-an, kí dókítà kọ déètì, ibi tí ọgbẹ́ wà àti bó ṣe tóbi tó. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò ọgbẹ́ náà, kí ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin tó tako ìdálóró, ti 2017, fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí dókítà tó bá yàn, kódà ní àtìmọ́lé. “Ọ̀gá ló rán mi” kì í ṣe àwíjàre níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ẹni tó dáni lóró lè tó ọdún 25.

Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí. Ẹ ṣeun.