Fláàtì kan nínú Chopin: ìwé wo lẹ máa ń gbà gbọ́?

Adédùùrù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ìwé orin píánò tò fún ìtẹ̀jáde, kí ló máa ń da iṣẹ́ rú jù tí ẹ bá ń fi ìwé àfọwọ́kọ wé ẹ̀dà àkọ́kọ́? Ẹ jẹ́ ká mú Chopin, Op. 28 (àkójọ àwọn orin píánò kéékèèké tó ń jẹ́ Prelude), nọ́ńbà 20. Báà 3, kọ́ọ̀dù (àwọn nóòtì tí a lù pọ̀) tó kẹ́yìn: E fláàtì (tí a rẹ̀ sílẹ̀) ni àbí E nátúrà (tí a ò rẹ̀ sílẹ̀, tí a ò sì gbé sókè)?

Ọmọ Kúáyà: Fláàtì. Ó tán.

Ìlà Márùn-ún: Kò tíì tán. Nínú ìwé tí Chopin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò sí fláàtì níbẹ̀. Nátúrà ti wà lára E ṣáájú nínú báà kan náà, agbára rẹ̀ ò sì tán títí báà fi parí. Inú ẹ̀dà akẹ́kọ̀ọ́ ni fláàtì ti yọjú, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọmọ Kúáyà: Chopin tó máa ń gbàgbé fláàtì àti ṣáàpù (àmì tó ń gbé nóòtì sókè) káàkiri! Ẹ wo àwọn ìwé rẹ̀ yòókù ná.

Màmá Solfa: Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó fa ara yín láṣọ ya, ẹ wádìí ìdílé àwọn ìwé náà. Ní 1839, Catelin tẹ Op. 28 ní Paris, Breitkopf àti Härtel tẹ̀ ẹ́ ní Leipzig, Wessel tẹ̀ ẹ́ ní London. Ìwé Chopin gan-an ni Catelin lò. Èyí tí Fontana, ọ̀rẹ́ Chopin, dà kọ ni Breitkopf lò. Wessel sì wo ti Catelin. Nítorí náà, tí Wessel àti Catelin bá fẹnu kò, ẹ má kà wọ́n sí ẹlẹ́rìí méjì. Àṣìṣe tí ìwé méjì jọ ní ló ń fi hàn pé ìyá kan ló bí wọn. Nóòtì tí wọ́n jọ kọ ire kò fi nǹkan kan hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kan ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ fi àwọn yòókù wé e. Ẹ ka nóòtì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ padà wá ka fláàtì àti ṣáàpù. Ẹ tún padà fún àwọn ìlà tó tẹ̀ lórí nóòtì, kí pẹ́dààlì gbẹ̀yìn. Ojú tó ń wá nǹkan mẹ́rin pọ̀ kì í rí ọ̀kan. Kí tábìlì yín ní báà, ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì, ìlù kẹlòó, orúkọ ìwé, ohun tó wà níbẹ̀.

Pẹ́dààlì Ọ̀tún: Ẹ ṣé, Mà. Ẹ fi kún un pé àwòrán dúdú-àti-funfun ò wúlò fún ìwé àfọwọ́kọ. Pẹ́ńsùlù àti yíǹkì á di ọ̀kan náà. Ẹ béèrè àwòrán aláwọ̀.

Ìlà Márùn-ún: Àti “ẹ̀dà àkọ́kọ́” tí wọ́n kọ sára fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì! Nọ́ńbà àwo ìtẹ̀wé kan náà lè wà lórí èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Atẹ̀wé á fi òòlù lu ẹ̀yìn àwo kí ibi àṣìṣe lè tẹ́jú, á sì gbẹ́ nóòtì tuntun síbẹ̀. Ẹ wo iye owó àti àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé lójú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì wá ju ẹ̀dà kan lọ.

Ọmọ Kúáyà: Báwo la ṣe wá máa tẹ E yẹn o?

Màmá Solfa: Tẹ èyí tí ìwé ìpìlẹ̀ rẹ ní, kí o fi èkejì sí àlàyé ìsàlẹ̀. Má ṣe po ìwé mẹ́ta pọ̀ di ọbẹ̀ tí Chopin ò sè rí.

Adédùùrù: Kò burú, tí ìwé àfọwọ́kọ bá wà. Sónátà píánò Beethoven, Op. 106, ńkọ́? Tiẹ̀ ti sọnù. Ẹ̀dà Vienna àti ti London, 1819 ni méjèèjì, kò sì sí èyí tó fi nátúrà sára A ní báà 224 sí 226 nínú ìpín àkọ́kọ́. Ṣáàpù márùn-ún ló sì wà níwájú ìlà, ti A wà lára wọn.

Pẹ́dààlì Ọ̀tún: A ṣáàpù nìyẹn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ lù.

Ìlà Márùn-ún: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà méjèèjì tí nǹkan kan náà jábọ́ nínú wọn, ṣé ẹ ò rántí ohun tí Màmá sọ nípa ìyá kan náà?

Pẹ́dààlì Ọ̀tún: Ẹ fi hàn mí pé ó jábọ́. Ẹ̀dà London yẹn náà ni Beethoven kọ lẹ́tà sí Ries, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lé lórí, pé kó fi nóòtì méjì, A àti C ṣáàpù, síwájú Adagio, ìpín tó ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹni tó rántí nóòtì méjì kò gbàgbé nátúrà.

Ọmọ Kúáyà: Ẹ má tíì dárúkọ mẹ́tírónómù 138 (nọ́ńbà ìyára tí Beethoven kọ sórí orin náà) o, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbí.

Adédùùrù: Nínú gbogbo sónátà píánò rẹ̀, Op. 106 nìkan ló fi nọ́ńbà mẹ́tírónómù sí. Ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ewé mìíràn fún ìyẹn.