C àárín dùùrù: ṣé C3 ni àbí C4?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Mò ń tẹ dùùrù fún akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀. Mo kọ ohùn G3 (lẹ́tà ni orúkọ ohùn, nọ́ńbà ló ń sọ bó ṣe ga tó) fún àwọn tẹ́nọ̀, ìyẹn G tó wà nísàlẹ̀ C àárín, C tó wà láàárín dùùrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa fi kọ̀ǹpútà ṣe orin gbé e lọ sókè C àárín, ni tẹ́nọ̀, ohùn ọkùnrin, bá di áltò, ohùn obìnrin! Kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi: lọ́dọ̀ tèmi, C4 ni C àárín, A4 sì ni 440 Hz (iye ìgbà tí ohùn náà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan); lọ́dọ̀ tirẹ̀, bí iléeṣẹ́ Yamaha ṣe ń kà á, C3 ni C àárín. Ìlànà Helmholtz, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ohùn, tún ń kọ ọ́ ní c′.

Àwọn àgbà akọrin ò tiẹ̀ dá sí i. Tonic sol-fa (d, r, m) ni tiwọn, àmì kékeré lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà ti tó wọn. Ká sòótọ́, wọn kì í ṣìnà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa kọ "C4 ni C àárín" sórí gbogbo ìwé orin ni, àbí kí n pa nọ́ńbà tì pátápátá, kí n máa kọ ọ́ sórí ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ àmì orin sí? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà yìí padà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ẹ̀ fún wa.