Bùbá bèbí ya lábíyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Ìyá Ìbejì, Kábà:
Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ìbejì mi obìnrin ti pé ọdún méje, àǹtí wọn fi bèbí Barbie méjì ránṣẹ́ sí wọn láti Àbújá, látìgbà yẹn wọn ò jẹ́ n sinmi, wọ́n ní dandan ni kí bèbí àwọn wọ ìró àti bùbá lọ́jọ́ Kérésì bíi tàwọn. Mi ò ní máṣíìnì, abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan ni. Mo gé Ankara aṣọ ẹbí tó ṣẹ́kù, mo rán an títí di aago kan òru, ìgbà tá a wá fẹ́ wọ̀ ọ́, ọwọ́ bèbí ò ká, mo fà á báyìí, abíyá ẹ̀ ya fààà. Èkejì, orí ò tiẹ̀ gba ọrùn ẹ̀ kọjá. Ẹkún ni ọ̀kan nínú wọn sun tó fi sùn lọ, ó dùn mí gan-an. Níbo ni mo ti ṣì í?

Télọ̀ Ìsánlú:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ bá mi rẹ ọmọ yẹn lẹ́kún. Ẹ rán an bí aṣọ èèyàn ni. Àwa máa ń ká ọwọ́ ká tó wọ bùbá, bèbí ò lè ká a, torí náà ẹ la ẹ̀yìn ẹ̀ látọrùn délẹ̀, kẹ́ ẹ fi prẹ́sì bọ́tìnì kékeré dè é. Ẹ má sì pa ẹ̀gbẹ́ pọ̀ kẹ́ ẹ tó so apá o. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ rán apá mọ́ èjìká, ìgbà yẹn lẹ ó tó ṣẹ́ ẹ po, kẹ́ ẹ wá rán an láti ẹnu ọwọ́ gba abíyá dé ìsàlẹ̀, ìrán kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá dé kọ̀rọ̀ abíyá yẹn ẹ fi ẹnu àlùmọ́gàjí là á díẹ̀, kó má kan òwú, òun ni ò ní jẹ́ kó fà. Ìdajì íǹṣì tá a máa ń fi sílẹ̀ létí ibi ìrán ti pọ̀ jù, kọ́tà íǹṣì tó, torí Barbie ò ju íǹṣì 11 àbọ̀ lọ. Kẹ́ ẹ sì máa dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gún un, ìrán tó kàn lọ gbọọrọ yẹn ló ń tú.

Ìyàwó Mọ́pà:
Gọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́ jàre, wàhálà ti pọ̀ jù.

Ọmọ Ògìdì:
Àǹtí Mọ́pà, ẹ má bínú, gọ́ọ̀mù máa ń le gbagidi, aṣọ ò ní lọ́ra mọ́ ọn lára, tí ọmọ bá sì fọ̀ ọ́ ó parí nìyẹn. Ìyá Ìbejì, nǹkan kan tẹ́nì kan ò sọ fún mi nígbà tèmi: ẹ ṣọ́ra fún àdìrẹ aláró. Mo fi àjákù ẹ̀ rán yẹ̀rì fún bèbí àbúrò mi, ìgbà tá a bọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, itan bèbí ti di búlúù, a fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ yẹn títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ funfun tẹ́ inú ẹ̀. Ankara olódòdó wẹẹrẹ ló máa ń yẹ wọ́n, ti ńlá yẹn, òdòdó kan á ti gba gbogbo àyà ẹ̀. Aṣọ òkè ńkọ́, ó nípọn jù fún gèlè, ẹnu ẹ̀ á sì máa tú.

Ìyá Ìbejì, Kábà:
Ẹ ṣé o, Olúwa á bù kún yín. Mo tún un rán lálẹ́ àná, mo la ẹ̀yìn ẹ̀, apá wọlé wẹ́rẹ́! Àwọn méjèèjì ò jẹ́ kí n bọ́ ọ mọ́, òun ni wọ́n gbé sùn. Ó ku ti èkejì, mo ti rẹ Ankara ẹ̀ sómi.